Orúkọ ni Ègè Fi Ń Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1966, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo jẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mo sì ń gbé ní Ìtòkò, nínú ìlú Abẹ́òkúta. Aró ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn, arò sì ni iṣẹ́ ẹnu wọn. Láàárọ̀, wọn a gbé àpótí síta, wọn a ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, wọn a sì máa fi ya ọnà sára aṣọ funfun títí oòrùn yóò fi mú. Bí ẹ̀kọ náà bá ti gbẹ, wọn a ri aṣọ sínú ìkòkò aró, wọn a fà á jáde, wọn a tún rì í, tó fi jẹ́ pé n kò rántí ọjọ́ kan tí èékánná wọn kò dúdú. Bí àgbàlagbà kan bá sì papò dà ládùúgbò, àwọn ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n wá dá ègè.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe Ẹ̀gbá nìkan ni yóò ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ègè jẹ́. Bí àwọn ọdẹ ti ní ìrèmọ̀jé tí wọ́n fi ń ṣí ìpà fún ọdẹ ẹgbẹ́ wọn tó kú, tí wọ́n á fi gbogbo òru sun ún kí wọ́n tó gbé ẹrù ìpà rẹ̀ wọ igbó, bẹ́ẹ̀ ni àwa Ẹ̀gbá ní ègè. A máa ń dá a níbi ayẹyẹ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ibi òkú ni ó ti ń wọni lára jù. Ẹni tó ń dá a yóò kọ́kọ́ pe orúkọ òkú, yóò pe bàbá tó bí i, yóò pe ìyá tó bí i, yóò wọ inú oríkì orílẹ̀ rẹ̀ lọ, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó sọ ohun tí ikú náà ṣe fún àwọn tó kù. N kò tíì gbọ́ ègè kan rí tó fo orúkọ kọjá. Ìyá àgbà máa ń sọ pé òkú tí a kò bá pe orúkọ rẹ̀ kò lè mọ̀ pé òun ni a ń sunkún.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà, mo jókòó ti ìkòkò aró, mo ń ṣa ìyẹ́ adìẹ tó dára sọ́tọ̀ fún wọn, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá ègè kan jẹ́jẹ́. Kò sí òkú kankan ládùúgbò. Adékúnlé ni orúkọ tí mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà Fájuyì, lẹ́yìn náà ọmọ Ewì, ọmọ Adó. Wọ́n dá a bí ẹni pé òkú náà wà nínú yàrá lẹ́yìn wọn:

Adékúnlé, àlejò rẹ ti sùn, ìwọ náà ti sùn,
Ta ni yóò wá bá wa ti ilẹ̀kùn ilé?

Tíṣà kan tó ń gbé ní ojúlé kejì sí wa yára jáde wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. Ìjọba kò tíì túfọ̀ ọkùnrin náà o." Ìyá àgbà kò gbé ojú sókè. Wọ́n fa aṣọ jáde nínú aró, wọ́n fún un, omi dúdú ń kán sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n wá ní, "Ta ni yóò túfọ̀ rẹ̀? Ṣé àwọn tó pa á ni?"

Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ni gómìnà ológun fún Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà náà. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1966, Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba ológun wà lálejò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn sójà tó ṣọ̀tẹ̀ yí ilé ká, wọ́n mú àwọn méjèèjì lọ, wọ́n sì pa wọ́n ní Lálúpọn. Ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá gbọ́, tí wọ́n sì gbà gbọ́ títí dòní, ni pé Fájuyì kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ lé ikú lọ́wọ́ kí òun sì wọlé lọ sùn. Ọmọ Èkìtì ni onílé, ọmọ Ìgbò ni àlejò. Ṣùgbọ́n oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1967 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu kéde pé àwọn ọkùnrin méjèèjì ti kú. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, gbogbo ọjà ló mọ̀, gbogbo ilé ló mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sunkún níta gbangba. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún 1967, ìbọn ti ń dún láàárín Nàìjíríà àti Bìáfírà.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí tíṣà yẹn lò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn kú, ọ̀tọ̀ ni kí a túfọ̀ rẹ̀. Bí ọba bá wàjà, àwọn tó mọ̀ yóò di ọ̀rọ̀ náà sínú títí wọn yóò fi ṣe ohun tó yẹ, lẹ́yìn náà ni wọn yóò jẹ́ kí ìlú gbọ́. Bí ọ̀gágun bá kú ní bùdó ogun, wọ́n lè fi pamọ́ kí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun má bàa rọ. Ìpamọ́ yẹn ní ọjọ́ tí yóò dópin, nítorí àwọn ẹni rẹ̀ ló pa á mọ́, ọlá rẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń pa á mọ́. Èyí tí ogun abẹ́lé ń bí yàtọ̀. Ẹni tó fa ikú náà ló di ìròyìn rẹ̀ mú, àwọn tó ni òkú kò sì lè ṣe nǹkan kan. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Òkú tí a kò túfọ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó nù, ẹni tó nù kò sì ní ọjọ́ ìsìnkú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan èmi ọmọ Abẹ́òkúta gan-an nìyí: ìlú wa ni ọ̀tẹ̀ òru ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí iná tó dé Ìbàdàn, bárékè àwọn sójà tó wà ní Abẹ́òkúta ló ti kọ́kọ́ ràn, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti yìnbọn pa àwọn ọ̀gá wọn. Lára àwọn tó kú níbẹ̀ ni Lieutenant-Colonel Gabriel Okonweze àti Major John Obienu. Lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n kú sí, kò jìnnà sí Odò Ògùn tí àwọn ìyá wa ti ń fọ aṣọ.

Àwọn obìnrin tó ń ná ọjà Ìtòkú ló mú ìròyìn náà dé ilé wa, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí mo dàgbà. Ní ọjọ́ tí tíṣà wá bẹ̀ wọ́n yẹn, Ìyá àgbà bi í léèrè pé, "Wọ́n ní àwọn mélòó kan kú ní bárékè. Kí ni orúkọ wọn?" Ọ̀gbẹ́ni náà kò mọ̀. Wọ́n tún bi í bóyá ó lè bá àwọn wádìí. Ó ní kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lásìkò yẹn, òótọ́ ni ó sì sọ. Ìyá àgbà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Èmi kò lè dá ègè fún àwọn mélòó kan." Wọ́n wọlé lọ. N kò gbàgbé ìyẹn láéláé, nítorí wọ́n fi aṣọ sílẹ̀ nínú aró kọjá àsìkò, èmi ni mo sì lọ fà á jáde.

Ìyá àgbà kú ní ọdún 1979 láìmọ orúkọ wọn. Èmi ti di géńdé kí n tó rí orúkọ náà kà nínú ìwé ìtàn, mo sì ranti pé mo ti ìwé náà pa, mo jókòó, n kò lè kà á síwájú mọ́ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń sunkún àwọn ènìyàn ńlá nígbà tí ilé bá pín sí méjì. Ọmọ ìlú wa, Wọlé Ṣóyínká, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1934, kọ ewì fún Fájuyì, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú àkójọ ewì rẹ̀ tó jáde ní 1967, ọdún kan náà tí ìjọba gbé òun fúnra rẹ̀ tì mọ́lé. Akéwì tí mo máa ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀ jù ni Christopher Okigbo. Ojoto ní ilẹ̀ Ìgbò ni a ti bí i ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ti ka ìwé yunifásítì, ó sì ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà Fìdítì, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́ ti dàgbà di bàbá àti bàbá àgbà. Nígbà tí wọ́n sọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n, tí àrẹ̀mọ rẹ̀ sì kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọdún 1963, Okigbo fi ohùn ìlù kọ arò lé e lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì yìí ló bí ewì náà. Ó ti kọ òmíràn ṣáájú rẹ̀ látàrí rògbòdìyàn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1962 àti ikú Patrice Lumumba, olórí ìjọba Kóńgò tí wọ́n pa. Ẹ wo ohun tí ogun ṣe lẹ́yìn náà. Ní 1967, Awólọ́wọ̀ di kọmíṣánnà ètò ìnáwó fún ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, Okigbo di méjọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Bìáfírà, ó sì kú sójú ogun nítòsí Nsukka lọ́dún náà. Ẹni tó ti sunkún pẹ̀lú bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú kú sí òdìkejì ilà tí bàbá náà dúró sí. N kò mọ arò kankan tí a dá fún un ní gbangba ní ìhà tiwa nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ìhà tiwa ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀.

Chinua Achebe, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló dá ègè rẹ̀. Èdè Ìgbò ló fi kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ó sì wà nínú ìwé ìrántí tí òun àti Dubem Okafor ṣe àkójọ rẹ̀ fún Okigbo ní 1978. Àṣà ẹgbẹ́ ló gbé e kà. Bí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ bá kú ní ilẹ̀ Ìgbò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jáde, wọn yóò máa wá a káàkiri ìlú bí ẹni tí kò tíì gbà pé ó ti kú, wọn yóò máa béèrè bóyá odò ló lọ, bóyá igi ló lọ ṣẹ́, wọn yóò sì máa pe orúkọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá béèrè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ọkàn mi lọ sí Ìtòkò tààrà. Iṣẹ́ kan náà ni. Ìyá àgbà ì bá ti gbe orin lẹ́yìn wọn láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Ohun tó ya mí lẹ́nu ni pé àwọn mìíràn máa ń fi orúkọ pamọ́ mọ̀ọ́mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ogun abẹ́lé wọn ń parí lọ, wọ́n yìnbọn lu Ààrẹ Abraham Lincoln, ó sì kú ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹrin, ọdún 1865. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú irin láti Washington lọ sí Springfield, ọkọ̀ náà ń dúró ní ìlú dé ìlú, ó sì tó ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún kó tó dé. Akéwì wọn, Walt Whitman, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ogun náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́, kọ arò gígùn kan fún un, kò sì dárúkọ Lincoln nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òdòdó, ìràwọ̀ àti ẹyẹ tó ń kọrin nínú igbó ló fi sọ̀rọ̀. Ní òpin, ó rí òkú àwọn sójà tó kú nínú ogun náà, gbogbo wọn pátá, kò sì ya tọ̀tún sọ́tọ̀ kúrò lára tòsì. Mo ti bá ara mi jiyàn lórí èyí. Ìwà ọ̀làwọ́ ni mo pè é, mo sì tún rí i pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu gbogbo ayé nìkan ni a lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Lincoln kò nílò kí ẹnikẹ́ni pe òun. Okonweze nílò rẹ̀.

Àpẹẹrẹ òdìkejì náà wà. Nígbà tí ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú kí wọ́n bẹ́ orí Ọba Charles Kìn-ín-ní ní ọjọ́ 30, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1649, àwọn tirẹ̀ tẹ arò jáde fún un lọ́dún náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló wà lórí àlééfà. Lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ gba adé padà, wọ́n sọ ọjọ́ ikú náà di ọjọ́ ààwẹ̀ nínú ìwé àdúrà ìjọ Áńgílíkà ti 1662, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1859. Arò apá kan di ọ̀ranyàn lọ́rùn gbogbo ènìyàn fún nǹkan bí igba ọdún. Ekún tí a bá pa láṣẹ kì í pẹ́ tó fi ń di àṣà ẹnu lásán.

Àwa pàápàá ti ja ogun abẹ́lé kí òyìnbó tó fún wa ní orúkọ orílẹ̀-èdè. Ní 1860, Ìbàdàn àti Ìjàyè wọ̀yá ìjà, nítorí pé Kúrunmí, olórí Ìjàyè tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀ láti gbà kí Adélù jọba lẹ́yìn Aláàfin Àtìbà bàbá rẹ̀. Àṣà tó mọ̀ ni pé Àrẹ̀mọ a máa bá ọba lọ. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè fọ́ ní 1862, ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ sì sá wá sí Abẹ́òkúta. Ìwé Ìròyìn tí òyìnbó ajíhìnrere Henry Townsend dá sílẹ̀ níbí ní oṣù Kejìlá ọdún 1859 kò tíì pé oṣù mélòó kan nígbà tí ogun yẹn bẹ́ sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé àárín ogun láàárín ìbátan ni ìwé ìròyìn Yorùbá ti kọ́ bí a ṣe ń rìn.

Kúrunmí jẹ́ akọni, ó sì le. Àlùfáà Samuel Johnson tó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá kò fi ọ̀kankan pamọ́ nínú méjèèjì. Oríkì àwọn jagunjagun wa náà kì í fi pamọ́. Wọn a yin ọkùnrin náà, wọn a sì dárúkọ ilé tó jó àti ọmọ tó kó lẹ́rú nínú èémí kan náà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èyí ni mo rò pé arò Yorùbá ní tó lè ran orílẹ̀-èdè tó ti ja ara rẹ̀ lọ́wọ́: kò béèrè pé kí òkú jẹ́ aláìlábàwọ́n kí a tó sunkún rẹ̀, kò sì béèrè pé kí ó wà ní apá tiwa. Orúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ àti orísun rẹ̀ ni ó ń béèrè. Bí a bá ti pe ènìyàn dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ṣòro láti tún pè é ní ọ̀tá ní gbólóhùn tó tẹ̀ lé e.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi pé kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, pé egbò tó ti san ni a fẹ́ tún yún. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn kan nínú wọn rí ohun tí èmi kò rí. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1970, ogun parí, Yakubu Gowon sì sọ pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọjọ́ yẹn náà ni a sọ di ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun. Lọ́dọọdún, ìjọba a gbé òdòdó lélẹ̀, wọn a fun fèrè, wọn a tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Mo ti lọ dúró níbẹ̀ rí. Ó wú mi lórí láti rí àwọn opó tó wọ aṣọ dúdú ní ìlà iwájú. Ṣùgbọ́n mo tẹ́tí títí ètò fi parí, n kò gbọ́ orúkọ kankan. "Àwọn akọni wa tó ti lọ" ni wọ́n ń wí. Àwọn mélòó kan.

Ní ọdún tó kọjá, mo wá ìyá kan lọ nítòsí Aké, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n sọ fún mi pé ó wà lára àwọn díẹ̀ tó ṣì ń dá ègè bí ó ṣe yẹ. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Mo sọ fún wọn nípa Ìyá àgbà, nípa bárékè, nípa ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn lójú aró. Wọ́n gbọ́ mi títí. Wọ́n ní kí n pe orúkọ àwọn ọkùnrin náà, mo pè wọ́n.

Wọ́n ní, "Ọmọ ta ni wọ́n? Kí ni orúkọ ìyá wọn?"

Mo ní oyè wọn nínú iṣẹ́ ológun ni mo mọ̀, àti orúkọ bàbá wọn.

Wọ́n mi orí. "Léfútẹ́náǹtì kì í ṣe oríkì, ọmọ mi. Lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn, kí o padà wá bá mi."

Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi kan ní Àsàbà pé kó bá mi wádìí, n kò tíì rí èsì gbà. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá náà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn mú bírò wá, kí n kọ orúkọ méjèèjì gàdàgbà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, kí ọmọ náà lè máa kà á fún wọn nírọ̀lẹ́, kí ahọ́n wọn lè mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà kà á. Wọ́n pè é lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé wọn lẹ́nu, wọ́n tún un pè, ọmọ náà tún un kà, wọ́n pa ojú dé, wọ́n sì pè é lẹ́ẹ̀kẹta, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tó ti há fún ìgbà pípẹ́: Okonweze. Obienu. Okonweze.